Bí Ìrọbí Bá Dákẹ́ Lójijì

Wùmí mi,

Àpá tó wà nísàlẹ̀ ìdodo rẹ kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Mo ní kí n kọ́kọ́ kí ọ, kí n béèrè àlàáfíà ọkọ rẹ àti ti Tóyìn, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò gbà. Láti ìgbà tí ìwé rẹ ti dé, àpá yẹn ni mò ń rí. Mo ń rí i nínú ìkúùkù tó ń bo oko kòkó láàárọ̀. Bí mo bá ń fẹ́ iná, mo ń rí i nínú èéfín. Lánàá mo jókòó sẹ́yìn ilé lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, oorun fẹ́ẹ́rẹ́ gbé mi, mo sì rí ọ tí o dúró ní ìkóríta Ọ̀rẹ̀. Ọkọ̀ ń lọ, ọkọ̀ ń bọ̀, àwọn agbégilódò ńláńlá pẹ̀lú ìtì igi lẹ́yìn wọn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó pariwo nínú wọn. Gbogbo rẹ̀ dákẹ́ bí ẹni pé abẹ́ omi ni wọ́n ń gbà kọjá. Eruku pupa bò ọ́ dé orúnkún. Mo ṣí ẹnu pè ọ́, ohùn kò jáde. Ìwọ sì fọwọ́ lé ikùn, ò ń rẹ́rìn-ín sí mi.

Ó dáa, mo kí ọ wàyí. Ẹ kú ilé o, ẹ kú ooru Wàrì. Bàbá rẹ wà. Orúnkún tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀, wọ́n ti padà sóko, wọ́n sì ti ń bá àwọn alágbàtọ́jú oko jà pé wọn kò ro abẹ́ kòkó dáadáa. Nítorí náà mo mọ̀ pé ara wọn ti yá.

O kọ̀wé pé oyún rẹ ti wọ oṣù kẹfà, mo dúpẹ́. O ní ilé ìgbẹ̀bí ìjọ màmá ọkọ rẹ ni o máa bí i sí, àti pé wọ́n ní kò sídìí tí o fi ní láti sọ fẹ́nikẹ́ni níbẹ̀ pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé Tóyìn, nítorí obìnrin Hébérù kì í bímọ lábẹ́ ọ̀bẹ. Lẹ́yìn náà ni o wá kọ ọ́ sísàlẹ̀, kékeré, bí ẹni tí kò fẹ́ kí n rí i: "Màmá, èyí ni mo fẹ́ bí fúnra mi."

Fúnra rẹ kẹ̀? Ta ló bí Tóyìn? Ṣé ọ̀bẹ ló gbé oyún rẹ̀ kiri? Ṣé ọ̀bẹ ni kò lè gbóòórùn epo pupa fún odindi oṣù mẹ́ta, tó ń sá jáde nílé ìdáná bí ẹni tí oyin ń lé? Wò ó, ẹni tó bá fi ìyẹn bú ọ ní Wàrì, ní kó wá bá mi níbí. N óò fi ìjókòó fún un, n óò sì bi í pé ọmọ tó gba ojú fèrèsé wọlé àti èyí tó gba ẹnu ọ̀nà wọlé, èwo ni kì í ṣe ọmọ ilé.

Fara balẹ̀ kà á, àyànfẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò tíì sọ fún ọ rí. Ó pẹ́ nínú mi débi pé ó ti dà bí àlá, n kò mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tó parí sí.

Ṣé o rántí ìgbà tí wọ́n rán ọ lọ sílé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ní Ajue, tí o padà dé tí o bá mi lórí ibùsùn? Wọn kò tíì dá ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ nígbà náà. Owó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ìlú ni, gbogbo ẹni tó ń kọjá ní Ọ̀rẹ̀ ló ń ra rédíò. Wọ́n sọ fún ọ pé àbúrò rẹ dé, ó sì padà. O bi mí pé, "Màmá, kí ló gbàgbé lọ́hùn-ún?" Mo yí ojú sí ògiri.

Oyún kẹfà mi nìyẹn. Ẹ̀yin márùn-ún ni mo ti bí ṣáájú, ẹ kò sì yọ mí lẹ́nu, nítorí náà gbogbo èèyàn rò pé n óò kàn jókòó, n óò sì dìde pẹ̀lú ọmọ ni. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í mú mi, a lọ sí ilé ìgbẹ̀bí kan nítòsí wa ní Odìgbò. Ọkùnrin tó ni ín ti ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń po oògùn rí kó tó fẹ̀yìn tì. Àwa àgbà ń pè é ní Dókítà. Ẹ̀yin ọmọdé ló mọ orúkọ rẹ̀ gan-an: Bàbá Abẹ́rẹ́.

Ọmọ yìí kò sọ̀kalẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, oòrùn yọ, kò sọ̀kalẹ̀. Bàbá Abẹ́rẹ́ wá, ó ní, "Màmá Wùmí, ẹ ti ń ṣe ọ̀lẹ. Ẹ jẹ́ kí n ràn yín lọ́wọ́." Ó gún mi lábẹ́rẹ́ tó máa ń lé ọmọ jáde. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó tún gún mi ní òmíràn. Èmi tí mo jókòó ní kíláàsì girama, tí mo mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè ìbéèrè lédè òyìnbó, n kò béèrè orúkọ oògùn náà. Ojú tì mí. Mo rò pé wọ́n á ní ìwé ti ń gùn mí.

Ìrora tó dé lẹ́yìn ìyẹn, n kò ní kọ ọ́. Bàbá rẹ kò lè fara dà á mọ́, wọ́n jáde sí títì, wọ́n sì dá agbégilódò kan dúró tó ń lọ gbé igi lọ́nà Oǹdó. Sọ́ńdè lorúkọ awakọ̀ náà. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lójú fèrèsé: "Bàbá, igi ìrókò ni mo máa ń gbé o, n kò gbé aboyún rí. Ṣùgbọ́n ìrókò wúwo jù wọ́n lọ. Ẹ gbé wọn wá."

Ìgbà tí wọ́n ń wá aṣọ tí wọ́n máa tẹ́ sílẹ̀ fún mi lẹ́yìn ọkọ̀ ni nǹkan já nínú mi. Wùmí, bí ìgbà tí èèyàn bá fa aṣọ àtijọ́ ya. Lẹ́yìn náà, ìrora dákẹ́.

Ó dákẹ́ pátápátá. Irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀, n kò rí i rí. Ara mi fúyẹ́, ó dà bí ẹni pé wọ́n gbé mi lé orí omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo ń wo òrùlé páànù, ó ń lọ sókè, ó ń jìnnà. Mo gbóòórùn kòkó tí wọ́n sá. Mo rí ìyá mi tó ti kú, wọ́n jókòó sídìí igi, wọ́n ń fọ́ kòkó, wọn kò wò mí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé wọ́n mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Mo fọwọ́ lé ikùn, mo sì kan ẹsẹ̀ ọmọ, kékeré, lábẹ́ awọ ara mi báyìí, bí ẹni pé kò sí ohunkóhun láàárín èmi àti òun mọ́. Mo rò pé ó wá kí mi ni.

Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, Màmá Ajue, tó wá dúró tì mí, fọwọ́ kan iwájú orí mi. Wọ́n ké: "Ó ti rọ̀ ọ́! Ẹ yin Olúwa, ó ti rọ̀ ọ́!"

Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ orin ọpẹ́. Bàbá Abẹ́rẹ́ ní, "Ṣé mo sọ fún yín? Ẹ jẹ́ kó sinmi díẹ̀, á bí i." Màmá Ajue sì jáde sí títì, wọ́n sọ fún Sọ́ńdè pé, "Máa lọ, ọmọ mi, o ṣeun. Ó ti rọ̀ ọ́." Mo gbọ́ ìró agbégilódò náà bó ṣe ń lọ. Mo gbọ́ ọ títí kò fi sí mọ́. Inú mi sì dùn, Wùmí. Èmi náà ń bá wọn kọrin nínú ọkàn mi.

Bàbá rẹ ló wọlé wá wò mí, tí wọ́n ní, "Kí ló dé tí ètè rẹ funfun báyìí?" Mo ní òùngbẹ ń gbẹ mí. Wọ́n fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mi, ó tutù bí ilẹ̀ odò. N kò rí bàbá rẹ kí wọ́n sáré bẹ́ẹ̀ rí, wọn kò sì tún sáré bẹ́ẹ̀ mọ́. Orí àpò kòkó ni mo gùn dé Oǹdó, nínú ọkọ̀ akẹ́rù kan tí bàbá rẹ fara dí lọ́nà ní títì.

Nígbà tí mo lajú, dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ fún mi jókòó tì mí. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó ti rẹ̀ ẹ́.

Ó ní, "Màmá, ilé ọmọ yín ló ya."

Mo ní, "Báwo ló ṣe ya?"

"Ó ń fún ọmọ, ọmọ kò rọ́nà. Abẹ́rẹ́ wá ń lé e pé kó túbọ̀ fún un. Ilé ọmọ tó bá ti bímọ púpọ̀ máa ń fẹ́lẹ́. Ibi tó fẹ́lẹ́ ló ya. Nígbà tó sì ti ya, kò lè fún mọ́. Ìdí nìyẹn tí ìrora fi dákẹ́."

Ohun tí a torí rẹ̀ kọrin ọpẹ́ nìyẹn.

Ọmọkùnrin ni. A kò gbóhùn rẹ̀. Wọ́n mú ilé ọmọ mi kúrò kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Nígbà tí mo délé, àwọn èèyàn á dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á dúró, wọn kò mọ èyí tí wọ́n máa kí nínú "ẹ kú ewu" àti "ẹ kú ìrọ́jú". Àwọn míì kí méjèèjì pọ̀. Àwọn míì gbé iṣu kalẹ̀, wọ́n sì yí padà.

Nítorí náà, gbọ́ ìmọ̀ràn mi.

Èkíní. Ìwọ kò tíì bí márùn-ún, ṣùgbọ́n o ní àpá. Kì í ṣe ara òde nìkan ni wọ́n gé tí wọ́n rán, wọ́n gé ilé ọmọ náà, wọ́n sì rán an. Ibi tí aṣọ ti ní ojú rírán, ibẹ̀ ni èèyàn ti ń rọra fà á. N kò sọ pé ọ̀bẹ náà ló gbọ́dọ̀ gbé èyí. Dókítà yẹn sọ fún mi pé àwọn kan wà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún tí wọ́n sì bí èyí tó tẹ̀ lé e láìsí ọ̀bẹ, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń ṣọ́ wọn lójú méjèèjì ni, níbi tí yàrá iṣẹ́ abẹ àti ẹ̀jẹ̀ wà nítòsí. Dókítà tó bá wo ìwé iṣẹ́ abẹ rẹ ló lè sọ èyí tó yẹ ọ́. Ilé ìgbẹ̀bí ìjọ kò ní ọ̀kankan nínú wọn. Àdúrà wà níbẹ̀, mo gbà, mo sì ń fẹ́ àdúrà náà. Kí wọ́n máa gbà á níbẹ̀, kí ìwọ wà nílé ìwòsàn. Ọlọ́run kì í ṣìnà dé ilé ìwòsàn.

Èkejì. Má fi àpá rẹ pamọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá máa gbẹ̀bí rẹ. Sọ ọ́ kí wọ́n tó bi ọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá mú abẹ́rẹ́ tàbí omi ìfàsára wá, bi í pé: kí ni orúkọ rẹ̀, kí ló ń ṣe, ṣé o mọ̀ pé wọ́n ti gé mi rí? Bí wọ́n bá ní ìwé ń gùn ọ́, jẹ́ kó gùn ọ́.

Bí ìrọbí bá sì dákẹ́ lójijì kí ọmọ tó dé, má kọrin. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ó ti rọ̀ ọ́. Pariwo. Kọ́ ọkọ rẹ ní ọ̀rọ̀ yìí kó mọ̀ ọ́n bí orúkọ ara rẹ̀, torí ó ṣeé ṣe kí ìwọ má lè pariwo mọ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn dùn, ọmọ mi. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nínú rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀kẹta, kó o mọ̀ nípa òfin. Mo ń gbàdúrà kí o má nílò rẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó o mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn tí mo gbádùn, Bàbá Abẹ́rẹ́ kó àwọn àgbà wá, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wọ́n ní àmúwá Ọlọ́run ni. Mo ní mo fẹ́ pè é lẹ́jọ́. Bàbá rẹ ní, "A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́."

Mo ní, "Bàbá Wùmí, ta ló sọ fún yín pé mo fẹ́ ṣọ̀rẹ́ rẹ̀?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì kúrò níbẹ̀. Àwọn àgbà dá ọjọ́ ìpàdé. Òkú kan ṣẹlẹ̀, wọ́n sún un. Kòkó pọ́n, wọ́n sún un. Ìpàdé ẹ̀bẹ̀ ń bí ìpàdé ẹ̀bẹ̀, a ń jẹ obì, a ń sọ pé sùúrù ni baba ìwà. Èmi kò sì fẹ́ owó. Mo kàn fẹ́ kí ẹnì kan tó ní àṣẹ bi ọkùnrin yẹn pé, kí ló dé tí o kò jẹ́ kí ó lọ? Kí ó má sì tún gún obìnrin mìíràn bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó sú mi, mo dá nìkan lọ bá lọ́yà kan ní Oǹdó. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó bọ́ ìgò ojú rẹ̀.

"Ìgbà wo ni nǹkan yìí ṣẹlẹ̀, Màmá?"

Mo sọ fún un.

"Kí lẹ ń ṣe láti ìgbà yẹn?"

"A ń gba ẹ̀bẹ̀ ni."

Ó mi orí. "Òfin ní gbèdéke, Màmá. Ẹ̀bẹ̀ kì í dá a dúró. Ẹ bá ti jẹ́ kí ìwé ẹjọ́ wà ní kóòtù, kẹ́ ẹ wá máa gba ẹ̀bẹ̀ nílé. Ó ti bọ́."

Wùmí, mo jókòó níbẹ̀, mo ń wo ewé igi tó ń mì lójú fèrèsé rẹ̀, ó tún dà bíi pé mo gbọ́ agbégilódò tó ń lọ. A tún ti sọ pé ó ti rọ̀.

Ọkùnrin rere ni lọ́yà yẹn, kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ó ṣàlàyé fún mi bí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí. Ó ní kóòtù kì í dáni láre nítorí pé ilé ọmọ ya, torí ó lè ya lọ́wọ́ ẹni tó mọṣẹ́ pàápàá. Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá ẹni náà ṣe ohun tí olùtọ́jú tó ń ṣọ́ra á ṣe: ṣé ó yẹ̀ ọ́ wò, ṣé ó yẹ kó gún abẹ́rẹ́ yẹn, ṣé ó tètè rán ọ lọ síbi tó yẹ. Dókítà mìíràn ló máa wá jẹ́rìí sí i, nítorí náà kí èèyàn tètè béèrè fún ìwé ìtọ́jú rẹ̀ nílé ìwòsàn, torí ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ó ní gbèdéke ibì kan yàtọ̀ sí ti ibòmíràn, pé ti ilé ìwòsàn ìjọba lè kúrú gan-an, kí èèyàn má gbọ́ ọ lẹ́nu ará ọjà. Lọ́yà ni kó lọ bi kíákíá. Ó ní kí èèyàn má fọwọ́ sí ìwé ìdáríjì kankan tí lọ́yà kò kà. Ó sì ní bí ọ̀nà kóòtù bá dí, ọ̀nà àwọn tó ń bójú tó iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti dókítà àti ilé ìgbẹ̀bí ṣì wà, wọ́n lè yọ ọwọ́ ẹni náà nínú iṣẹ́. Òun ló bá mi kọ̀wé sí wọn. Àwọn kan wá sí Odìgbò nínú ọkọ̀ ìjọba, wọ́n wò yíká, wọ́n lọ. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, Bàbá Abẹ́rẹ́ dẹ́kun gbígba aboyún. N kò mọ̀ bóyá ìwé wa ni, tàbí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀. A ṣì ń kí ara wa ní ṣọ́ọ̀ṣì.

N kò mọ iye tí mo kà dé mọ́. Ó tó. Ó ku ti màmá ọkọ rẹ. Má bá wọn jà. Kúnlẹ̀ fún wọn dáadáa, pè wọ́n ní màmá, sọ pé èmi ni mo ní kí o lọ sílé ìwòsàn, kí wọ́n bínú sí mi. Ejìká mi gbòòrò. Ìyá rere ni wọ́n, ohun tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n ń sọ, bí Màmá Ajue náà ṣe sọ ohun tí wọ́n mọ̀. Màmá Ajue kò bínú sí mi títí wọ́n fi kú, èmi náà kò bínú sí wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ kò jí.

Ọmọ mi, ohùn méjì ni mo fẹ́ gbọ́ láti Wàrì, ohùn ìyá àti ohùn ọmọ. Bí ó bá jẹ́ ọ̀bẹ ló máa jẹ́ kí n gbọ́ méjèèjì, kí Ọlọ́run bù kún ọwọ́ tó mú ọ̀bẹ náà.

Awakọ̀ kan tó ń ná Bìní sí Wàrì láti gáréèjì Ọ̀rẹ̀ ló ń mú ìwé yìí bọ̀. Fún un lésì bó bá ti ń padà. Má kọ ọ́ pé kò séwu, má kọ ọ́ pé Ọlọ́run wà. Mo mọ̀ pé ó wà. Orúkọ ilé ìwòsàn tí o máa bímọ sí ni mo fẹ́ kà, àti ohun tí dókítà ibẹ̀ sọ. Bí n kò bá rí i gbà láìpẹ́, èmi fúnra mi á di ẹrù mi, n óò wá jókòó sí pálọ̀ màmá ọkọ rẹ, n óò ní àlejò ni mo ṣe wá, n kò sì ní lọ. O mọ̀ pé mo lè ṣe é.

Jọ̀ọ́, Wùmí, kọ̀wé kíákíá.

Èmi ni,
Màmá rẹ, ní Odìgbò.